Ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀sẹ̀ Iléyá

Ẹ ti ń fura tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́: kì í ṣe iṣẹ́ ló ń gbé Adolphus Macfoy lọ sí ọ́fíìsì láràárọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì ni. Iṣẹ́ a máa bá a níbẹ̀, yóò sì ṣe é dáadáa, nítorí orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ fi dígí ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sílẹ̀ fún un, òun ni yóò ṣì máa kọ́kọ́ dé.

Iléeṣẹ́ adójútòfò kan nítòsí Tinúbú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó ní èyí tó tún funfun jù ú lọ díẹ̀. Ó ní òmíràn tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe funfun. Kò ra ìkankan nínú wọn lọ́jà. Rírán ni gbogbo wọn. Wọ́n wọn ọrùn, wọ́n wọn èjìká, wọ́n tún wọn ọrùn ọwọ́ òsì lọ́tọ̀ nítorí aago.

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni yóò wí bí Sophia ìyàwó rẹ̀ bá ti ń bá ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù jà, èyí tí kò ṣe é tì mọ́.

"Àwọn tó rí ọ lánàá náà ni yóò rí ọ lónìí," ni Sophia yóò dáhùn. "Wọn ò tíì gbàgbé."

Ìròyìn wá délẹ̀ pé iléeṣẹ́ fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun sí Ìkòyí, wọ́n sì fẹ́ fi ènìyàn kan ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ọ̀gá àgbà pátápátá yóò wá sí Tinúbú ní Ọjọ́bọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé láàárín Adolphus àti Kọ́lá ni. Kọ́lá yìí ni ẹni tí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń yọ kúrò nínú ṣòkòtò kí oòrùn tó yọ dáadáa. Adolphus wò ó láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Síbẹ̀, kò fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún oríire. Ó pinnu láti rán ọ̀kan tí Ìkòyí yóò dá mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán: aláwọ̀ ojú ọ̀run, tí kọ́là rẹ̀ le, tí etí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tí a ń fi kọ́fílíǹkì dè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí: ọ̀sẹ̀ Iléyá ló gbé aṣọ náà lọ bá Yẹ̀kínì télọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Adolphus o. Ó yẹ kó mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù Yẹ̀kínì kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànrán, bí Iléyá bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ a máa ga níbẹ̀ débi pé ohùn télọ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ẹni tó gbọ́n ti kó aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá nígbà tí àgbò tí wọn yóò pa ṣì wà ní Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n Adolphus ní onígbàgbọ́ ni òun, kí ló kan òun kan Iléyá? Ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lòun ń rán, òun ò rán bùbá. Bí ẹni pé ẹ̀rọ ìránṣọ mọ ìyàtọ̀.

"Ọjọ́rú, ìnṣá Àláà," ni Yẹ̀kínì wí.

Ní Ọjọ́rú, ó ní: "Ọ̀la ní kùtùkùtù, ìnṣá Àláà."

Oògùn kan ṣoṣo ló kù fún irú èyí, gbogbo ará Èkó ló sì mọ̀ ọ́n: kí ènìyàn lọ jókòó ti télọ̀. Ẹ ó fa àga, ẹ ó tẹjú mọ́ ọn, ojú yín yóò sì máa lé abẹ́rẹ́ rẹ̀ síwájú. Nítorí náà, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Adolphus dé ọ́fíìsì, ó bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ èdè tí kóòtù ẹ̀yìn àga ń sọ: olóhun wà nítòsí, ó kàn yọjú síta ni.

"Kẹ́mi," ó sọ fún ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "bí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, mo wà láyìíká."

"Ọ̀gá àgbà ń bọ̀ lónìí o, sà."

"Ọ̀gá àgbà wo ló ń dé kí ọ̀sán tó pọ́n? Mo ń bọ̀."

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Yẹ̀kínì ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀gá, tiyín ti parí. Ó ku ọwọ́, kọ́là àti bọ́tìnnì."

"Kí ló wá parí?"

"Ẹ̀yìn."

Adolphus fa àga. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àdìjátù ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó ń dúró de aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo kọ́fílíǹkì tí Adolphus dì mọ́wọ́.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin náà ń lọ sí Yídì ni?"

"Rárá o, màmá. Mo ní ìpàdé pàtàkì."

"Àwọn ọmọ mi náà ní ìpàdé. Àwọn àti àgbò."

Yẹ̀kínì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ sì dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́rìn-ín mọ́!" Adolphus fò dìde. "Ó ń rẹ́rìn-ín ni, kò ránṣọ!"

"Ṣé kó máa sunkún sórí ẹ̀ ni?" ni Àdìjátù wí.

Kó tó dáhùn, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo kò sí. Wọ́n rán ènìyàn lọ ra epo. Ẹni tí wọ́n rán pàdé ọ̀rẹ́ lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tí a ń rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ padà ni fóònù Adolphus dún. Kẹ́mi ni.

"Sà, níbo lẹ wà? Ọ̀gá àgbà ti dé o. Wọ́n ní kí n pè yín wá."

"Láàárọ̀ yìí? Kóòtù mi ṣì wà lórí àga?"

"Ó wà níbẹ̀, sà, ṣùgbọ́n..."

"Ó dáa. Má fọwọ́ kàn án. Mo ti ń bọ̀."

Ẹ wò ó, láti ibẹ̀ dé Tinúbú, ẹsẹ̀ lásán lè gbé ènìyàn débẹ̀ kí Yẹ̀kínì tó gbé kọ́là kan sórí ẹ̀rọ. Ṣẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí ìhòòhò níbẹ̀, funfun tó mọ́ tónítóní ni. Ṣùgbọ́n Adolphus wo etí ọwọ́ rẹ̀, ó rí fọ́nrán òwú kan tó yọ jáde, tí ojú ẹnikẹ́ni láyé yìí ò lè rí, ó sì padà jókòó.

"Yẹ̀kínì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Ẹ dìde dúró. Ẹ na ọwọ́. Ẹ má mira o."

Fóònù tún dún lápò rẹ̀. Pínnì ti wà káàkiri apá rẹ̀, kò lè mú un. Ó dún, ó dákẹ́. Ó tún dún.

"Ẹ má mira, mo ní," ni Yẹ̀kínì wí.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́, ṣẹ́ẹ̀tì náà dára. Kọ́là rẹ̀ jókòó bí ẹni pé ọrùn ni wọ́n rán mọ́ ọn lára. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, Àdìjátù gan-an pàtẹ́wọ́. "Háà, bọ̀dá, ẹ ti di ọkọ tuntun! Ó yá, ẹ sáré."

Kò sáré. Òógùn yóò bà á jẹ́. Ó rọra ń rìn, ó gbé apá méjèèjì sókè díẹ̀ kúrò lára, bí adìyẹ tó ń sá ìyẹ́ sóòrùn, títí ó fi dé ọ́fíìsì. Àga Kọ́lá ṣófo.

"Ọ̀gá wà lókè?" ó bi Kẹ́mi léèrè.

"Wọ́n ti lọ, sà. Wọ́n dúró dè yín títí. Wọ́n ní kí a wò yín ní tọ́lẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí a wò yín ní báǹkì. Mo ṣáà ń sọ pé kóòtù yín wà níbí. Wọ́n ní ṣé kóòtù ni yóò bá àwọn lọ sí Ìkòyí ni?"

"Ìkòyí? Lónìí?"

"Àwọn oníbàárà ti ń dúró níbẹ̀, sà, wọ́n fẹ́ rí ọ̀gá tuntun. Kọ́lá ni wọ́n mú lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, wọ́n ní kí a kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ sí i."

Ojú Adolphus pọ́n. "Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan! Wọn ò tilẹ̀ rí mi! Báwo ni wọ́n ṣe ń yan ọ̀gá láìwo àwọn méjèèjì? Àbí ta ló gbẹnu sọ fún Kọ́lá níbẹ̀, Kọ́lá tí kò lè ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò?"

"Kò sẹ́ni tó gbẹnu sọ fún un, sà," ni Kẹ́mi wí. "Wọn ò wá yan ẹnikẹ́ni lónìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti yàn yín. Wọ́n kàn wá mú yín lọ ni."