Ọmú Gbígbẹ

Ọmú ni. Ọmú ni mo rí yẹn, kì í ṣe ìka, kì í ṣe etí aṣọ tí ọmọ máa ń fà sẹ́nu. Ọmú! Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ibùsùn mi, ó ká bùbá rẹ̀ sókè, ó ti ọmú sí ọmọ mi lẹ́nu, ọmọ mi sì… ọmọ mi ń mu ún.

Àbí ojú mi ni? Oorun wà lójú mi lóòótọ́, ẹni tí kò bá sì sùn lè rí ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì yìí kò bo ẹnu ọ̀nà tán, oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, kedere ni mo rí i. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò wọlé, kò sì padà. Mo kàn fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì léjìká, bàtà lẹ́sẹ̀, bí olè nínú ilé ara mi.

Wọlé, Ọmọ́wùnmí. Wọlé kí o gba ọmọ rẹ… Kí ni n óò wá sọ? "Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọmú yín kúrò lẹ́nu ọmọ mi"? Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún ìyá ọkọ? Gbogbo bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀ àti ìkíni tó nílé wa, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní gbólóhùn yẹn.

Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fẹnu ara mi gbà pé kó wá. Akíntóyè ọkọ mi ló sọ ọ́, "Jẹ́ kí Màámi ti Oǹdó wá ràn ẹ́ lọ́wọ́," mo sì ní kò burú, torí kí ni ǹ bá tún sọ? Òun fúnra rẹ̀ ti gbé àdá, ó ti kọjá sóko ní Bọ́lọ́rundúró, torí nǹkan ti le débi pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá gbin ẹ̀gẹ́ kò ní rí jẹ. Láti oko ló ti ń pè mí láràárọ̀. "Ṣé Fẹ́ranmí sùn?" Fẹ́ranmí ọmọ wa nìkan. Kò bi mí rí bóyá èmi sùn.

Èmi sùn lónìí. Kíláàsì ni mo ti sùn, lórí ìdúró, ẹfun lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń ka ìsodipúpọ̀ lọ, wọ́n kà á tán, wọ́n tún un kà, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Adébùsóyè, ló fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀." Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ojú kì bá tí tì mí tó báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi dé lọ́sàn-án gangan. Ká ní mi ò sùn ní kíláàsì, ǹ bá má mọ̀ láéláé.

Màámi ń gbin hùn-ùn, hùn-ùn, orin tí kò ní ọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ẹnu Fẹ́ranmí náà. Mo mọ ìró yẹn, àmọ́ ara mi ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Orí mi wú o. Ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń kọ sí ẹnu ọ̀nà! Alẹ́ tó kọ́kọ́ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi, "Gbé e wá, ìyàwó mi, lọ sùn," ó gbé e lọ sí pálọ̀, mi ò tíì gbórí lé ìrọ̀rí tí ilé fi dákẹ́. Ilé yìí! Ilé tí Ìyá Kẹ́hìndé, aráalé wa, ti ń gbá ògiri mọ́ wa létí, "Ọmọ yín ò mà jẹ́ ká sùn ní ulé yìí mọ́!" Mo rò pé ọmọ ti kú ni. Mo dìde, mo yọ́ lọ wò wọ́n. Àwọn méjèèjì wà lórí ẹní, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, Fẹ́ranmí wà níwájú rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ó ń mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo padà. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì.

Ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ o! "Màámi, ọwọ́ yín mà dára." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kì í ṣe ọwọ́." Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe.

Kì í ṣe ọwọ́…

Ṣé Agnes kò sọ fún mi? Ó sọ. Kíláàsì kejì sí tèmi ni Agnes wà, ọmọ ẹgbẹ́ aládùúrà ni, gbogbo nǹkan ló máa ń rí kí ẹlòmíràn tó rí i. "Ṣọ́ra fún ọmú àgbà, Ọmọ́wùnmí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbé àjẹ́ fún ọmọ." Mo pòṣé nígbà náà. Mo ní ayé ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ayé ò kọjá bẹ́ẹ̀, mo ṣáà ń wò ó yìí. Kí ló wà nínú ọmú yẹn? Kí ló ń fún ọmọ mi? Ọmọ mélòó ló tiẹ̀ bí sáyé tó fi jẹ́ pé Akíntóyè nìkan ló —

Rárá. Olúwa, dárí jì mí. Èrò burúkú gbáà nìyẹn, kí n tó dá a dúró mo ti rò ó tán.

Torí ta ló fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún mi nígbà tí mi ò lè dìde jókòó? Ta ló ń bu ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi? "Jẹ ẹ́, eyín mi ò lè jẹ ẹran mọ́." Eyín tó ń fọ́ èkùrọ́ láràárọ̀! Mo ń gbọ́ ọ gbàù-gbàù láti ilé ìdáná, mo sì jókòó, mo ń jẹ ẹran, mo gbà gbọ́ pé eyín ń dùn ún. Báwo ni mo ṣe gbà á gbọ́? Ó wù mí kí n gbà á gbọ́ ni. Ẹran wọ́n.

Kí omi lè wà lọ́mú mi ló ṣe ń fún mi. Òun náà mọ̀. Gbogbo ilé mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó fi gaàrí ṣe oúnjẹ àárọ̀, tó tún ń ṣírò bóyá yóò kù fún alẹ́, kí ló fẹ́ ti ọmú rẹ̀ jáde? Nọ́ọ̀sì tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ọmú nìkan, kò gbọdọ̀ sí omi, kò gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn. Mo gbé orí sókè lọ́jọ́ náà, mo ní èmi á ṣe é. Ó rọrùn láti gbé orí sókè nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni… Àyà mi á ti máa já kí oòrùn tó wọ̀. N óò wẹ̀ ẹ́ lómi lílọ́wọ́ọ́wọ́. N óò fi òrí ra á níkùn. N óò ní kí n pa iná, àwọn oníná á ti bá mi pa á. N óò pọ̀n ọ́n, n óò máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà n óò fún un lọ́mú. Á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á tu ú dànù, á ké. N óò fi sí i lẹ́nu padà. Á ké. N óò tẹ ọmú náà, n óò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dùn mí, ẹ̀kán kan ṣoṣo á yọ. Mu ún! Mo máa ń sọ ọ́ síta. Mu ún, jọ̀ọ́, mu ún, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ọmọ tí kò tíì lè jókòó ni mò ń bi ní ìbéèrè.

Mo ti sọ ọ́ fún ara mi: ebi ló ń pa á, èmi ni mo fi ebi pa á.

Báàgì yìí wúwo. Kò yẹ kó wúwo, ìwé méjì péré ló wà nínú rẹ̀ àti… àti òògùn.

Mo ti gbàgbé òògùn!

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Lawrence tó ń ta òògùn nígbà tí mò ń bọ̀. Mi ò dúró pẹ́. Mo ní ọmọ mi kì í sùn, mo fẹ́ nǹkan tó máa mú un sùn. Kò bi mí ní ọjọ́ orí rẹ̀, èmi náà kò sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó mú ìgò kékeré kan wá, òògùn tí àwọn tí ara ń yún máa ń lò, tó máa ń kun èèyàn lóorun. "Ìdajì ṣíbí péré, àǹtí. Á sùn bí òkú." Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọ ọ́ sí ara ìgò: kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Mo kà á. Olùkọ́ ni mí, kò sí ohun tí wọ́n kọ tí n kì í kà. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo dá a padà sínú páálí rẹ̀, mo fi sínú báàgì.

Alẹ́ òní ni n óò lò ó. Mo ti rò ó tán kí n tó débí: Màámi á wà nínú ilé ìwẹ̀, n óò ti ṣíbí náà sí i lẹ́nu, yóò sùn. Yóò sùn lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ tèmi, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí obìnrin yìí rí i. Bó bá sì ti di ọ̀la, n óò sọ fún Akíntóyè pé ọmọ ti ń sùn, kí Màámi máa padà sí Oǹdó, kí wọ́n má pa ilé wọn tì…

Èmi ni mo ro gbogbo èyí? Èmi yìí?

Bí òkú. Ó sọ ọ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbí, mo ń bèèrè ohun tí ìyá ọkọ mi ń fi sí ọmọ mi lẹ́nu, èyí tí èmi fẹ́ fi sí i sì ń bẹ léjìká mi. Ẹlẹ́dàá mi o. Tí mo bá sùn mọ́ ọn lẹ́yìn tí mo bá fún un ńkọ́? Tí ìdajì ṣíbí bá di odindi nínú òkùnkùn? Ta ló máa mọ̀ pé oorun yẹn kì í ṣe oorun?

Sùúrù. Sùúrù… Wọ́n ti dákẹ́ nínú yàrá. Màámi kò gbin mọ́. Fẹ́ranmí ti rọra ń fà á, ó ń dúró, ó tún ń fà á, bí ẹni tí oorun ti gbé lọ ìdajì ọ̀nà.

Kí ló ń mu?

Kò sí nǹkan kan nínú ọmú yẹn. Ó ti gbẹ láti ìgbà tí Akíntóyè ti ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Ó rọ̀, ó gbẹ, kò sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Tèmi tiẹ̀ ní ẹ̀kán kan. Ẹ̀kán kan ju òfo lọ, àbí kí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì? Bó bá jẹ́ pé ebi ló ń pa á, òfo ni ìbá máa pariwo lé lórí. Kí ló dé tó ń sùn lórí òfo, tó sì ń sunkún lórí tèmi?

Màámi sọ ọ́ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ló sọ ọ́, mo jókòó tì í, ọmọ ń ké lọ́wọ́ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi láyà. "Ìyàwó mi, àyà rẹ ń lù bí ti ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣé orí ohun tó ń sáré lò ń fẹ́ kí ọmọ sùn sí?" Inú bí mi. Mo ní ó ń bú mi. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ kúrò, mo dìde.

Kò bú mi. Ó ń sọ ohun tó gbọ́ ni.

Kí lèyí? Nǹkan kan ń tutù sí mi láyà. Òógùn ni. Òógùn kọ́, kò rùn bí òógùn… Bùláòsì mi ti rin. Ọ̀tún rin, òsì náà rin, ó ti ń dé ìgbànú mi. Mi ò tẹ̀ ẹ́. N kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ kankan kò sí níbẹ̀. Mo kàn dúró ti ògiri ni, mò ń gbọ́ bí Fẹ́ranmí ṣe ń fa ọmú gbígbẹ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀, omi ọmú sì ń ṣàn lára mi, ó ń kán sórí bàtà tí mo wọ̀ lọ síṣẹ́.

Ó wà níbẹ̀. Pẹ̀lú gaàrí, pẹ̀lú ẹran tí wọ́n bù fún mi, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Kì í ṣe ebi ló ń pa ọmọ mi. Èmi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà, òun náà sì ti ń bẹ̀rù mi.