Ẹni Tó Gba Orógùn

Inú Gunnvor ń ru ju ìkòkò iwájú rẹ̀ lọ. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ro omi wàrà ewúrẹ́ lórí iná igi, nínú ahéré orí òkè tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀, Eilif. Omi náà ti ki, ó sì ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Kó tó di brunost, wàràkàṣì pupa aládùn, ibi tó le jù nìyí: bí ọwọ́ bá kúrò lára orógùn pẹ́nrẹ́n, ó jóná.

Àsìkò yìí gan-an ni Eilif mú tọkọtaya kan wá láti Oslo pé kí wọ́n wá wo ilé náà, bóyá wọ́n á rà á. Gunnvor ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn láti ojú fèrèsé.

"Ẹ lè wó ilé ewúrẹ́ yẹn," Eilif ń wí. "Ẹ á rí àyè kọ́ ibi ìwẹ̀ olómi gbígbóná."

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?" obìnrin náà bi í.

"Wọ́n ti gbà. Wọ́n kàn ń fi ìkòkò ṣeré níbẹ̀ yẹn ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Gunnvor lọ́kàn. Ta ló ń ṣeré? Inú ìkòkò yìí ni wàràkàṣì tí Eilif jẹ dàgbà ti jáde, kò sì sí ọdún tí kì í wá gba tirẹ̀ lọ sílùú. Ìgbà wo ni wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ títa ilé? Ó fẹ́ lọ já a nírọ́ lójú àlejò rẹ̀, àmọ́ gbogbo wàrà ọ̀sẹ̀ yẹn ló wà lórí iná. Eilif mọ̀ pé Gunnvor kò lè jáde. Ìdí tó fi mú wọn wá lákòókò yìí nìyẹn, alárékérekè.

"Eilif, yà síbí."

Eilif wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi níwájú àlejò."

"Ta ló ń bínú? Bá mi di èyí mú."

Kó tó mọ̀, orógùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ìyá wọn ni pé ẹni tó bá gba orógùn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí ọwọ́ mìíràn á fi gbà á. Àwọn méjèèjì ti jẹgba nítorí òfin yẹn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Eilif wo ilẹ̀kùn, ó wo ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro wàrà náà.

"Jẹ́ kó máa kan ìdí ìkòkò," ni Gunnvor wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

"Ẹ káàbọ̀ o," ó sọ fún tọkọtaya náà. "Èmi ni mo ni ìdajì ilé yìí. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, n ò sì gbà. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Ẹ tètè máa sọ̀kalẹ̀ kí kùrukùru tó bo ọ̀nà."

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sì fa ìyàwó rẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀.

Nígbà tí Gunnvor padà wọlé, Eilif ń làágùn, wàrà sì ti ta sí ẹ̀wù ìlú ńlá tó wọ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò fi orógùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà á. Apá ti ń ro mí."

Gunnvor fa àga, ó jókòó. "Ṣebí eré ni," ó ní. "Máa ṣe é lọ."