Ẹni Tó Bá Jáde Kẹ́yìn Ló Ń Paná

Òfin kan ṣoṣo ni ọkọ Ìyá Oníná fi lélẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: ẹni tó bá jáde kẹ́yìn nínú yàrá ló ń paná. Iṣẹ́ iná ni ọkùnrin náà ṣe dọjọ́ ikú. Òun fúnra rẹ̀ ló fa gbogbo wáyà tó wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn kí àwọn bíríkìlà tó rẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ ti rí ilé tó jóná nítorí iná tí wọn ò pa, kò sì sẹ́ni tó lè bá a ṣàwàdà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Bí ọmọ bá gbàgbé, á pè é padà láti ojú pópó, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Ọkọ ti lọ, òfin ò bá a lọ. Bí ìyá àgbà náà bá ń jáde nínú yàrá, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára súìṣì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ike súìṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, àárín rẹ̀ sì ti jẹ wọnú níbi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà ló ṣubú sí nígbà òjò tó kọjá. Ó ń lọ sílé ìwẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi wá kí i lọ́jọ́ kejì. Ọmọkùnrin náà, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lódìkejì ìlú, ti kọ́kọ́ rò pé òkú lòun bá. Ìran náà ò kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

Ló bá ra àwọn gílóòbù kan tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu. Láti ìdí tábìlì rẹ̀, ó lè tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè rí i nínú fóònù pé iná ṣì wà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá pa irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ lára ògiri, ó tán nìyẹn, fóònù ò rí i mọ́. Ìyá sì ń pa á. Kì í ṣe agídí. Ọwọ́ ló ń ṣe é, orí ò mọ̀ sí i. Ìgbàkígbà tó bá pa á, ọmọ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, á sáré dé, á bá a níbi tó jókòó sí tó ń mu tíì.

"Màámi, ọkàn mi ò lè gbé e mọ́," ló wí lọ́jọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Yàrá kan ṣófo nílé mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu."

"Òkété tó dàgbà tí ọmú ò tíì wù ú ńkọ́?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká pe oníná kó wá wá nǹkan ṣe sí súìṣì yìí. Àmọ́ bí iná bá tún kú lójú mi lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ ń bá mi lọ ni. Ẹ bá mi gbà bẹ́ẹ̀."

Ìyá fi ìborùn nu òógùn iwájú orí ọmọ rẹ̀. "Mo gbà."

Má-wákàbà ni wọ́n pè. Ọmọṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló sì fún un lórúkọ yẹn, nítorí ó ga débi pé ọwọ́ rẹ̀ ń tó àjà láìwá àkàbà gùn. Òun náà ti di ọ̀gá, irun rẹ̀ ti funfun, síbẹ̀ ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́.

"Ìyá wa! Ẹ ò tilẹ̀ dàgbà rárá!"

"Irú irọ́ yìí náà lo máa ń pa fún Ọ̀gá rẹ tó o bá ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ pa súìṣì àgbà tó ń gé iná gbogbo ilé, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, ó tú súkúrù méjì, ó sì fa ike ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọwọ́ Ọ̀gá nìyí. Kò sẹ́lòmíì tó ń lọ́ wáyà báyìí."

Ìyá sún mọ́ ọn. Téèpù dúdú tí ọkọ rẹ̀ fi wé wáyà náà ṣì wà níbẹ̀, ó lẹ̀ pinpin, àfi bí ẹni pé ẹni tó wé e ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fọwọ́ ni.

"Súìṣì ìgbàlódé fẹ́ wáyà kẹta," Má-wákàbà sọ fún ọmọ. "Níútírà, èyí tí iná ń gbà padà. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí, òkè àjà ni wọ́n ń fi í mọ sí, kì í sọ̀kalẹ̀ wá síbi súìṣì. Àfi ká la ògiri."

"Ẹ là á."

"Ẹnikẹ́ni ò ní la ògiri yẹn," ni ìyá wí.

Má-wákàbà họrí. "Súìṣì kan wà tí ò nílò níútírà. Àmọ́ ara gílóòbù ló ti ń jí iná díẹ̀díẹ̀ lá. Bí ẹ bá pa á tán, gílóòbù á ṣì máa ràn fírífírí bí ojú ológbò."

"Mi ò fẹ́ ológbò lájà mi."

"Á jẹ́ pé ká so wáyà méjèèjì pọ̀ nínú ògiri nìyẹn, kí iná má kúrò lára gílóòbù mọ́. Bọ́tìnì tó ń lo bátìrì la ó wá lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀. Kò ní wáyà kankan. Ìyá wa á máa tẹ bọ́tìnì, fóònù á máa rí gílóòbù, ìjà parí."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe é, yàrá dé yàrá. Ìyá tẹ bọ́tìnì ọ̀dẹ̀dẹ̀: iná lọ. Ó tún un tẹ̀: iná dé. Ọmọ rẹ̀ wo fóònù, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Inú ìyá dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì náà fúyẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀, kì í dún "pà" bíi ti àtijọ́.

Nígbà tí ọmọ ti lọ, tí Má-wákàbà ń kó irinṣẹ́, ìyá bi í pé, "Tí mo bá tẹ nǹkan yìí, ṣé iná ti kú?"

Ọkùnrin náà ò lè purọ́ iná fún ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. "Kò kú, Ìyá wa. Ó sùn ni. Iná wà nínú wáyà títí dé gílóòbù."

"Tí mi ò bá sí nílé ńkọ́?"

"Kò séwu kankan. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ìyá mi orí. Ó ní kó fún òun ní ike súìṣì àtijọ́ náà, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.

Nǹkan lọ déédéé fún sáà kan. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ bá ń kúrò ní ọ́fíìsì, á pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tún tàn án, lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀nà jíjìn, ìyá á sì tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì dá a lóhùn. "Kú iṣẹ́, ọmọ mi," á sọ fún gílóòbù, bí ẹni pé òun ló bí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé arábìnrin tó ń ránṣọ nílé kejì lọ sílé ìwòsàn, ìyá sì ní òun máa lọ wò ó. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ilé dákẹ́. Ó rántí àwọn wáyà tí wọ́n so pọ̀ nínú ògiri, iná tó sùn tí ò kú, nínú ilé tí ò séèyàn. Ó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kedere. Ọwọ́ rẹ̀ nà sókè, ó fa súìṣì àgbà wálẹ̀, ó dún gbàà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ bọ́tìnì. Ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó padà dé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ò sí. Ó ti wo ilé ìwẹ̀. Ó ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti sunkún tán.

"Ilé ìwòsàn ni mo lọ," ni ìyá wí.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi."

"Mi ò fọwọ́ kan èyí tí wọ́n ṣe. Ti bàbá rẹ ni mo pa."

"Mo mọ̀."

Ká ní ó bínú ni, ìyá ì bá rí ọ̀rọ̀ sọ. Kò bínú. Ó kàn na ọwọ́ sí i, kó má baà kọsẹ̀. Ìyá di ọwọ́ náà mú.

"Iná ti kú lójú rẹ," ni ìyá wí. "Àdéhùn ni àdéhùn."

Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tán, ó lọ láti yàrá dé yàrá, ó ń tẹ bọ́tìnì. Ó dé ìdí súìṣì àgbà, ó nawọ́ sókè. Ọmọ rẹ̀ rọra di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà, Màámi. Kí olè má baà mọ̀ pé ilé ti ṣófo."

Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Mọ́tò gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n dé igun pópó, ìyá bojú wẹ̀yìn. Iná ti tàn lójú fèrèsé òkè.

"Ta ló wà nílé?"

"Kò sẹ́nìkan. Fóònù ni. Ojoojúmọ́ lá máa tàn, á sì máa pa ara rẹ̀."

Ìyá ki ọwọ́ bọ inú báàgì, ìka rẹ̀ wá ibi tó jẹ wọnú lára ike àtijọ́ náà rí, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó dún pà. Ó tún bojú wẹ̀yìn. Iná ṣì ń tàn.