Kílófàá àti Agboòrùn Ọ̀gá

Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà ti dé ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ láti wá kọ́ṣẹ́ lásìkò ìsinmi iléèwé ni kò ti sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Kílófàá ni wọ́n ń pè é, ó sì tọ́ sí i. Kí ló fà á tí wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ wo ẹ̀yìn kí wọ́n tó wo iwájú? Kí ló fà á tí irin fi ń wà láàárín òpó ààlà? Ẹni tó bá ní òun rí i níbi tó ti dákẹ́, ojú oorun ló ti rí i. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ títí: "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Òun náà á ní abéèrè kì í ṣìnà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, àárín ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan àti ilé aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ti lọ fa ààlà, nítorí aládùúgbò fẹ́ mọ ògiri tuntun. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta létí títì ọlọ́dà. Gbọọrọ, igbákejì ọ̀gá, di ọ̀pá mú lọ́ọ̀ọ́kán. Iṣẹ́ ti Kílófàá ni kó gbé agboòrùn dúró lé ẹ̀rọ lórí. Ẹ̀rọ wà ní ibòòji, oòrùn ń ta ọmọ ọlọ́mọ. Kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó fojú kan inú ẹ̀rọ náà rí.

Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ìbéèrè ti sú ọ̀gá.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹni tó bá tún béèrè nǹkan kan lónìí, ọ́fíìsì ló ti máa parí ìsinmi yìí. Ìwé ni á máa tò níbẹ̀."

Kílófàá pa ẹnu dé. Ta ló fẹ́ lọ jókòó ti eruku?

Wọ́n jẹun tán, ọ̀gá wojú ẹ̀rọ, ó juwọ́ sí Gbọọrọ, Gbọọrọ sì fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni àmì náà bọ́ sí. Igun ṣọ́ọ̀bù ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀, ó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, wíwó ló kù. Télọ̀ káwọ́ lérí.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Bàbá mi ló kọ́ ọ. Igun yẹn gan-an ni mo ń jókòó ránṣọ sí."

Birikìlà tí aládùúgbò mú wá ti ń wá òòlù rẹ̀.

Kílófàá wolẹ̀ kó má baà rí ojú télọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i. Oòrùn ti yọ́ ọ̀dà títì, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan sì ti rì sínú rẹ̀. Ó yọjú wo gíláàsì kékeré ara ẹ̀rọ, èyí tó ń fi hàn bóyá ẹ̀rọ dúró déédéé. Afẹ́fẹ́ tó há sínú omi rẹ̀, tó yẹ kó wà láàárín gbùngbùn, ti sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn. Birikìlà gbé òòlù sókè.

"Ọ̀gá! Kí ló fà á tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yìí fi ń rì?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ó wo gíláàsì, ó na ọwọ́ sí birikìlà pé kó dúró. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sórí ilẹ̀ kọnkéré, wọ́n wọn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ lásán ni àmì pupa bọ́ sí, ògiri télọ̀ bọ́. Télọ̀ jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Kílófàá ti ń ká agboòrùn. Ó mọ̀ pé ọ̀gá kì í yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dùn ún wọ akínyẹmí ara.

Ọ̀gá nu òógùn ojú. "Ìgbà wo lo ti rí i?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè.

"Ọ̀gá," ó rọra wí, "ẹ̀yin náà ti béèrè o."

Ọ̀gá gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó sì gbé e lé ẹ̀rọ lórí fúnra rẹ̀.

"Ó yá, wá wojú ẹ̀rọ," ó ní, "kí èmi tó lọ to ìwé."

Kílófàá fi ojú mọ́ ẹ̀rọ. Gbọọrọ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán súnmọ́ tòsí lójijì, pẹ̀lú gbogbo eyín rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ló fà á tí Ẹ̀gbọ́n Gbọọrọ fi ń rẹ́rìn-ín?"