Ta Ló Ń Dáhùn?

Ilé ìwé kẹta tí a máa lọ nìyí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti fún wa lómi mu. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ara fu mí. Alágbàfọ̀ ni mí. Mo ti fọ aṣọ àwọn ènìyàn pẹ́ débi pé mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá da lọ́fínńdà sí jù, ibẹ̀ gan-an ni àbààwọ́n wà. Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin kan tí kọ́là aṣọ rẹ̀ le gbagidi, ti ń rẹ́rìn-ín sí wa láti ẹnu ọ̀nà, ó ń pè mí ní "ìyá wa". Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbá báàgì mi mọ́ra.

Ọmọ mi obìnrin jókòó sínú àga onítáyà rẹ̀, ó ń wò wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Kò sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ́ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ mú síbí, ife ló máa gbá dànù. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán an. Mo gé páálí méjì, mo kọ BẸ́Ẹ̀ NI sí ọ̀kan, mo kọ RÁRÁ sí èkejì. Èyí tó bá tẹjú mọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Ó mọ̀wé kà dáadáa, torí ara lébẹ́ẹ̀lì aṣọ àwọn oníbàárà ni mo ti kọ́ ọ. Adájọ́ là ń pè é nílé, nítorí bó ṣe máa ń wo ènìyàn pẹ́ kó tó dá ẹjọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ kí n tó bí ọmọ mi. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bá àwọn àgbà jà.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá, mo gbé páálí méjèèjì sókè, mo ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn. Olùkọ́ ìṣirò wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Kò wo ọmọ mi rárá. Èmi ló ń wò.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí. "Ọwọ́ yín ni mò ń wò."

"Kí lọwọ́ mi ṣe?"

"Páálí tó bá tọ̀nà máa ń ga díẹ̀ ju èkejì lọ."

Inú bí mi. "Ṣé onímàgòmágó lẹ̀ ń pè mí ni?"

"Mi ò pe yín ní nǹkan kan, mà. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó ń dáhùn ni."

Ọ̀gá dá sí i. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta díẹ̀. Tó bá lè dáhùn láìsí yín níbí, a ti gbà á nìyẹn. Tí ò bá lè dáhùn, ẹ ò ní bínú sí wa."

Mo ti mọ̀ pé omi yẹn kì í ṣe lásán.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń bú wọn nínú mi. Nígbà tó yá, èébú tán, ohun mìíràn wọlé. Ṣé lóòótọ́ lọwọ́ mi máa ń ga? Nígbà tí Adájọ́ ní búlúù wu òun ju pupa lọ, ṣé òun ló sọ ọ́, àbí èmi tí mo fẹ́ràn búlúù? Bó bá jẹ́ èmi ni, ta wá ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ láti gbogbo ọdún yìí? Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Mo wo ọwọ́ ara mi bí ẹni ń wo ọwọ́ olè.

Wọ́n pè mí wọlé. Ẹ̀rín ọ̀gá ti lọ. Ìwé alákòóbẹ̀rẹ̀ kan wà lórí tábìlì, èyí tó jẹ́ kìkì àwòrán.

"Ìbéèrè mẹ́wàá la bi í, ìyá wa. Kò gba ẹyọ kan. A ní kó wo ife, ó wo bàtà. A ní kó wo ewúrẹ́, ó wo àga."

Adájọ́ ń wo òrùlé. N kò bi í ní nǹkan kan; mo bẹ̀rẹ̀, mo tú bíréèkì àga rẹ̀ kí a máa lọ.

"Ẹ dúró ná," ni olùkọ́ ìṣirò wí. "Ọ̀gá, àwòrán méjì méjì la gbé síwájú ẹ̀. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan á ṣèèṣì gba mẹ́rin, á gba márùn-ún. Ẹni tó bá kùnà gbogbo ẹ̀ pátá, gbogbo ẹ̀ ló mọ̀."

Ìfura loògùn àgbà. Olùkọ́ gba páálí mi, ó fi wọ́n ti ìwé lórí tábìlì kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn wọ́n. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ kùnà ni?"

Ojú Adájọ́ lọ sí BẸ́Ẹ̀ NI.

"Ṣé torí a lé màmá ẹ síta?"

RÁRÁ.

Olùkọ́ họ orí. Ó na ìka sí àwòrán ife. "Ṣé torí irú ìbéèrè yìí?"

BẸ́Ẹ̀ NI. Adájọ́ wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ tó máa ń dún bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ ń bi í pé èwo ni ife! Olùkọ́ mú bébà méjì, ó kọ 54 sí ọ̀kan àti 56 sí èkejì, ó ní méje lọ́nà mẹ́jọ ńkọ́. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú ọmọ mi ti wà lórí 56. Mo sunkún, ojú ò tì mí.

Ọ̀gá ní òun gbà. Mo sọ fún un pé kí wọ́n wá àga kan fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi ní kíláàsì, èmi ni n ó máa jókòó tì í lójoojúmọ́. Àbúrò mi á máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń fọṣọ. Ta ni mo fẹ́ fi ọmọ mi lé lọ́wọ́? Ọ̀gá ní kò burú.

"Ẹ jẹ́ ká bi òun náà," ni olùkọ́ wí.

"Ẹ bi í. Mò ń bọ́ síta." Kò sẹ́ni tó lé mi lọ́tẹ̀ yìí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé ìpéǹpéjú mi mì.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ fi ṣílẹ̀kùn. "Ó ní òun máa wá, mà."

Mo dúpẹ́ títí. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo tún bi í bóyá kí ẹ máa jókòó tì í. Ó ní rárá."

"Irọ́ ni."

"Màmá..."

"Kò gbọ́ yín dáadáa ni. Ẹ tún un bi í lójú mi."

Mo wọlé. Mo ṣe bí ẹni ń tún páálí tò, mo sì fi ìka ti BẸ́Ẹ̀ NI síwájú díẹ̀. Olùkọ́ rí mi. Ó tún ìbéèrè náà bi í.

Adájọ́ wò mí, ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú lọ sórí RÁRÁ, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí mo fi mú báàgì mi, tí mo bọ́ síta.