Àgbò Oníwo Kan àti Òpópónà Wa

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti Ọ̀mù-Àrán, gbé téèpù àti ìwé rẹ̀ dé abúlé wa lẹ́yìn Ìlọrin, ó ní ìpele mẹ́ta ni wọn yóò pín àwọn òpópónà wa sí. Ìpele kìíní yóò ní ọ̀dà, gọ́tà àti iná. Ìpele kejì, gọ́tà nìkan. Ìpele kẹta, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni, wọn yóò kàn da yangí sí i.

"Ohun tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá ló máa sọ ìpele rẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ méjì ni mo máa fi jókòó kà á: ènìyàn, ọ̀kadà, ẹran ọ̀sìn."

Iná nìkan ni mo gbọ́. Kíá, mo ti rí òpópónà wa lọ́kàn mi, tó ń dán bíi Post Office Ìlọrin nírọ̀lẹ́, tí èmi náà ń fi bàtà gogoro rìn níbẹ̀. Mo sáré lọ bá Láwàl, aládùúgbò wa tó ní àgùntàn méjìlá.

"Bùrọ̀dá Láwàl, ṣé kí àwọn ará òpópónà ìsàlẹ̀ gba iná mọ́ wa lọ́wọ́ ni?"

"Wọn ò tó bẹ́ẹ̀, wallahi!"

Láwàl da àgùntàn kọjá níwájú Dàpọ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé darí, ó tún dà wọ́n kọjá. Ìgbà mẹ́rin. Kí wọ́n má baà ṣagídí, mo da èèpo iṣu sí ìdí igi dóńgóyárò Màmá Àgbà mi. Ìsmáílà ọlọ́kadà kọjá nígbà mẹ́sàn-án, fìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí.

Nírọ̀lẹ́, Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bí ọ̀la bá rí báyìí, ìpele kìíní ni yín." A pàtẹ́wọ́. Ó wá na téèpù. "Mítà méjìlá ni ìbú ìpele kìíní." Téèpù kọjá etí ọ̀nà, ó kọjá ibi tí gọ́tà yóò wà, ó kan dóńgóyárò. Dàpọ̀ fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára.

"Eléyìí máa lọ."

Bàbá àgbà mi ló gbin igi yẹn lọ́dún tí àwọn àti Màmá Àgbà ṣe yìgì. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣaláìsí, abẹ́ rẹ̀ ni Màmá Àgbà máa ń wà láti ìrun Àìlà títí di Alásáárì. Màmá Àgbà fa ẹní wọn mọ́ ìdí igi.

"Bilkisu, ta ló ní òpópónà wa fẹ́ jọba?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, Màmá."

"Lọ tún un ṣe."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, mo ti bẹ gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá. Àwọn apọnmi gba ẹ̀yìnkùlé. Ìsmáílà ti ọ̀kadà rẹ̀ gba inú àgbàdo. Adìẹ kan ṣoṣo ló kọjá, òun náà sì ń sáré.

Àfi àwọn àgùntàn. Nígbà tó tó àkókò tí wọ́n jẹ èèpo lánàá, wọ́n bi ọgbà Láwàl wó. Àgbò oníwo kan, èyí tí ìwo rẹ̀ kejì ti kán, ló ṣíwájú, ó di ìdí dóńgóyárò. Kò sí èèpo. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tún dé. Dàpọ̀ ń kọ, ó ń kọ, ló bá dá bíírò dúró.

"Láwàl, àgbò oníwo kan mélòó lẹ ní?"

"Ẹyọ kan, ọ̀gá."

"Mẹ́rin ni mo kà lánàá!"

Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, wọ́n tàn ọ́ ni. Wá jókòó síbòji, oòrùn ń pa ọ́."

Dàpọ̀ jókòó. Atẹ́gùn fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó wo òkè igi náà títí, ó fi ìlà pa gbogbo ohun tó kọ lánàá rẹ́.

"Ìpele kẹta. Mítà mẹ́rin. Ẹ ò ríná o!"

Bàtà gogoro inú àlá mi bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ mi lójú ẹsẹ̀. Màmá Àgbà na àkísà àti kẹrosíìnì sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọ̀dà pupa lára igi, àgbò oníwo kan sì dúró tì mí, ó ń fimú tú ìró mi bóyá èèpo wà níbẹ̀.