Bí Bàbá Àgbà Ṣe Fò Wọ Minna

Alàgbà Adéagbo ló bẹ Sabirah, ayálégbé rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán ní ilé-ìwé girama, pé kó ya àwòrán sára ògiri ilé òun ní Tudun Wada, ní Minna. Ọ̀gá ni Alàgbà nílé iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, bó bá sì ń rìn báyìí, ẹ ó rò pé wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

"Ya bí bàbá bàbá mi ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá sí Minna," ló wí. "Kó níyì o! Gbogbo ẹbí ń bọ̀ ní Sátidé."

Ohun tí Alàgbà kò mọ̀ ni pé láti bí oṣù kan ni Sabirah ti ń wo àwòrán àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà lórí fóònù, àwọn tí baba ńlá wọn ti ń gbébẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìtàn ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń yà, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti ń ki akọni inú fíìmù àti ọmọláńgidi bọ àárín òkè àti odò baba wọn. Sabirah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Bí wọ́n ṣe ń kán ọ̀dà tó-tó-tó sára àwòrán, tiwọn ni, kò fọwọ́ kàn án. Ìgboyà tí wọ́n ní ló yá lò.

Ní Sátidé, ẹbí pé, Alàgbà sì fa aṣọ tó bo àwòrán náà kúrò lára ògiri.

Ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lókè rẹ̀, bàbá àgbà ń fò lófuurufú, ó na ọwọ́ kan síwájú, agbádá rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́, ó wọ pátá pupa lé orí kẹ̀ǹbẹ̀.

"Ta ló wọ pátá fún bàbá bàbá mi lórí ṣòkòtò?" Alàgbà figbe ta.

Sabirah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Bí àwọn akọni ṣe ń múra nìyẹn."

"Akọni wo? Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbí, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn! Lọ pa á rẹ́!"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Mọ̀ríámọ̀, àbúrò bàbá Alàgbà, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, bú sẹ́rìn-ín.

"Adéagbo, tíkẹ́ẹ̀tì wo? Bàbá mi yọ́ wọ ọkọ̀ ni, kò sanwó! Kánò ló ń lọ. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fẹ́ mú un níbí, ó bẹ́ gba ojú fèrèsé. Fèrèsé gba ṣòkòtò, agbádá gbé e, ó sì já lé agbada obìnrin kan tó ń ta kòsáì, àkàrà àwọn Hausa. Obìnrin yẹn ló fẹ́ tó bí wa. Wallahi, ọmọ yìí tiẹ̀ bo àṣírí wa ni. Ṣòkòtò kankan ò délẹ̀!"

Ẹbí rín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Sabirah bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu òun. Alàgbà yíjú padà sí ògiri náà.

"Agbádá náà," ló wí níkẹyìn, "kò fẹ̀ tó."

Láti ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ àdúgbò ń dúró níbẹ̀. "Baba, da gaske ya tashi sama?" ni wọ́n ń fi Hausa bi Alàgbà, pé ṣé lóòótọ́ ló fò lọ sókè.

"Ṣé ó fò?" ni òun náà ń dáhùn. "Ó ré kọjá òrùlé mọ́ṣáláṣí!"

Nígbà tó fi di Jímọ̀, Sabirah gbọ́ láti inú yàrá rẹ̀ tí Alàgbà ń sọ pé bàbá àgbà ti ń ré kọjá Paiko, ìlú tó wà lẹ́yìn Minna.